Ọṣẹ Tí Mo Fi Ń Yangàn

Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Wọ́n tún ti fi owó lé ọṣẹ. Ọṣẹ lásán! Ọmọbìnrin tó ń tajà kò tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tó ń dá mi lóhùn. "Bó ṣe wà nìyẹn, mà." Mo dá a padà sórí pẹpẹ. Mo dá ọṣẹ ìfọbọ́ náà padà pẹ̀lú. Mo ra ẹ̀wà, mo ra àlùbọ́sà, mo jáde.

Láti oṣù tó kọjá ni Bàbá Lọ́yà ti ń mú ìlàjì owó oúnjẹ wálé. Ó ní wọ́n ti gé owó oṣù gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, pé iṣẹ́ kò wọlé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò bínú sí i. Ọ̀gá rẹ̀ ni mò ń bínú sí, ọkùnrin oníkùn gbẹ̀ǹdù yẹn tó ní ọkọ̀ mẹ́ta. Kí ló dé tí kò gé tirẹ̀?

Ó dáa. Ohunkóhun kò ní ti ilé yìí bọ́ sínú garawa ìdọ̀tí mọ́, àfi tí mo bá lò ó títí tí kò bá wúlò fún nǹkan kan mọ́. Ọṣẹ náà, èmi fúnra mi ni màá sè é.

Ọjọ́rú, 4

Mo ti rí bí ẹ̀wà kò ṣe ní jẹ gáàsì tán. Mo rẹ ẹ́ sómi lánàá, mo gbé e kaná láàárọ̀, ó hó dáadáa fún ìgbà díẹ̀, mo pa iná, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò náà tọwọ́-tẹsẹ̀ bí ọmọ tuntun. Nígbà tí mo fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti ń rọ̀. Ìwọ̀nba iná díẹ̀ ló kù kó jinná. Lọ́yà ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sókè, ó ní, "Mọ́mì, ta ló bímọ?" Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹyin kan ṣoṣo ló kù. Mo fi í sínú àwo Bàbá Lọ́yà. Kékeré, àbúrò Lọ́yà, wo ẹyin náà, ó wò mí. Mo ní, "Iṣẹ́ tí Dádì ń ṣe pọ̀. Tó bá rẹ Dádì, ta ló máa gbé wa?"

Ó jẹ ẹ́. Kò bù fún ẹnikẹ́ni.

Àbámẹ́ta, 7

Mo se ọṣẹ lónìí!

Obìnrin tó ń dín ànàmọ́ níwájú ilé-ìwé àwọn ọmọ ló fún mi ní òróró tó ti fi dín nǹkan títí tó fi dúdú. Ó ní òun fẹ́ dà á nù tẹ́lẹ̀ ni. Mo fi aṣọ àtijọ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo lé àwọn ọmọ jáde, mo ṣí fèrèsé, mo wọ ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ni wọ́n ń dà sínú omi, wọn kì í da omi lé sódà lórí. Síbẹ̀ ó hó, ó gbóná, èéfín rẹ̀ gun imú mi lọ sọ́pọlọ. Mo dà á sórí òróró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Mo rò ó, mo rò ó, apá ọ̀tún kú, mo bọ́ sí apá òsì. Nígbà tó yá ó ki bí oyin. Mo dà á sínú àwọn páálí mílíìkì tí mo ti tò sílẹ̀.

Bàbá Lọ́yà ti ibi iṣẹ́ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ilé yìí ń rùn."

Ohun tó rí sọ nìyẹn. Apá mi ò ṣeé gbé, òun ní ilé ń rùn.

Ẹtì, 13

Òjò láti àárọ̀. Aṣọ ò gbẹ. Bí mo ṣe gbé omi tíì kaná ni gáàsì tán. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ lónìí.

Àbámẹ́ta, 14

Ọṣẹ ti le. Mo gé e. Ó funfun ju bí mo ṣe rò lọ, kò sì rùn mọ́ rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń fúnmú.

Mo fi fọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ Bàbá Lọ́yà. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ tó ń tẹ̀wé ló mọ ohun tí yíńkì ń fojú ẹni rí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkùnrin yìí ni èmi àti yíńkì ti jọ ń jà, bẹ́ẹ̀ alágbàfọ̀ ni mí, aṣọ ni mò ń lọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo mọ ìdọ̀tí tó lágídí. Mo fi ọṣẹ mi ra ọrùn ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó mọ́! Mo gbé e sójú oòrùn, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Kò sí yíńkì. Mo jó nídìí okùn aṣọ, ojú ò tì mí.

Mo pariwo, "Bàbá Lọ́yà, ẹ wá wò ó! Yíńkì dà?"

Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì, ó wo ilẹ̀. "Ó mọ́," ó ní. Ó wọlé.

Ìṣẹ́gun, 17

Ìyàwó Ẹlẹ́rọ gbé kóòtù wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lónìí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà ni ọkọ rẹ̀ àti tèmi jọ ń dúró tì. Bó ṣe rí mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá Lọ́yà, ẹ kú ìfaradà o. Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà míì." Mo ní àmín. Owó oṣù tí wọ́n gé kan tirẹ̀ náà, mo rò ó bẹ́ẹ̀. Mo ta ọṣẹ mẹ́rin fún un. Mo ní kó fi fọ aṣọ ọkọ rẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ló máa padà wá dúpẹ́.

Mo fi owó náà ra ẹyin.

Àbámẹ́ta, 21

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Mò ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí Ìyàwó Ẹlẹ́rọ kanlẹ̀kùn. Ọṣẹ mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkẹrin ti di pẹlẹbẹ. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì kan kọ́ apá. Yíńkì wà lára rẹ̀ gàdàgbà.

"Ìyá Lọ́yà, ẹ má bínú, ẹ gba ọṣẹ yín. Mo rẹ aṣọ yìí, mo fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́. Yíńkì ò tiẹ̀ mira."

Kí n sọ òótọ́, ara mi gbóná lójú ẹsẹ̀. Ọṣẹ tí mo fi apá méjèèjì rò! Mo ní, "Ó ní bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ. Tó ò bá mọ̀ ọ́n fọ̀, má di ẹ̀bi ru ọṣẹ."

"Mo ti ń fọ aṣọ kí n tó mọ̀ yín, mà."

"Ó hàn lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ ẹ!"

Àwọn ará ilé ti ń ṣílẹ̀kùn. Mo rí wọn, mi ò sì bìkítà, mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mo sáré lọ sídìí okùn, mo já ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Lọ́yà mẹ́ta wá, mo nà wọ́n sí i lójú. "Wò ó! Ibi iṣẹ́ kan náà! Ẹ̀rọ kan náà! Ọṣẹ yìí náà ni! Bá mi wá yíńkì níbẹ̀!"

Ó wo àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó wò wọ́n pẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ìyá Lọ́yà, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"A ò wọlé. Sọ ọ́ síbí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mo ní sọ ọ́!"

"Bàbá Lọ́yà ò sí níbi iṣẹ́ mọ́. Ó ti tó oṣù méjì tó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Ẹ dákun."

Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó rọra kó ọṣẹ náà sí ẹnu ọ̀nà, ó lọ.

Bàbá Lọ́yà dé ní àsìkò tó máa ń dé, tòun ti báàgì, tòun ti kúlà oúnjẹ tí mo dì fún un láàárọ̀.

Mo ní, "Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ibi iṣẹ́ kẹ̀."

"Ibi iṣẹ́ wo?"

Ó wo ojú mi. Ó rí ọṣẹ lórí tábìlì. Ó jókòó láì bọ́ bàtà.

"Ọ̀gá pè mí ní òmùgọ̀," ó ní. "Lójú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́. Mo bọ́ ápúrọ́ọ̀nù, mo jù ú sílẹ̀ níwájú ẹ̀, mo jáde."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ẹ́. Àárọ̀ tó o bá ti jáde níbí, níbo lo máa ń lọ?"

"Ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Àga pọ̀ níbẹ̀."

"O máa jókòó."

"Mo máa jókòó."

"Owó tí ò ń mú wálé ńkọ́?"

"Owó tí wọ́n san fún mi nígbà tí mo kúrò ni mò ń bù mú wálé díẹ̀díẹ̀."

"Oúnjẹ tí mò ń dì fún ẹ, ibẹ̀ lo ti ń jẹ ẹ́? Lórí àga?"

Ó wo kúlà náà.

"Ẹyin ńkọ́?" mo ní. "O jẹ ẹyin lójú ọmọ ẹ, o lọ jókòó?"

Lọ́yà yọjú láti yàrá. "Mọ́mì, ẹ ń pe Dádì ní 'o'."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ kàwé ẹ."

Àìkú, 22

Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Mo se ẹ̀wà. Mo pín in ní ọgbọọgba.

Ajé, 23

Mo fi áyọ́ọ̀nù jó apá búláúsì oníbàárà lónìí. Ọ̀gá mi obìnrin bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní ó yá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé iṣẹ́ mi ni aṣọ. Mo lè wo aṣọ kí n sọ ohun tí olówó rẹ̀ jẹ lánàá. Ṣẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ kan ò kàn ní oṣù méjì wà lọ́wọ́ mi, èmi wá ń jó lábẹ́ okùn, mò ń yin ọṣẹ! Tí mo bá rántí, mo máa ń fẹ́ fi orí gbá ògiri. Lẹ́yìn náà mo máa ń fẹ́ fi ti Bàbá Lọ́yà gbá a.

Mo ní kí ọ̀gá mi fi wákàtí ìrọ̀lẹ́ kún tèmi. Ó gbà.

Ìṣẹ́gun, 24

Mo na ápúrọ́ọ̀nù sí Bàbá Lọ́yà láàárọ̀.

"Èmi?" ó ní.

"Ta ni ẹlòmíì tó wà nílé?"

Mo fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Omi tí a fi se egungun, inú ìkòkò aláwọ̀ ewé. Èèpo ọsàn tí mo rẹ sínú fínígà, ìyẹn la fi ń nu ilẹ̀ àti sítóòfù. Ọṣẹ tó kù wẹ́wẹ́, kó gbá wọn jọ sínú ike, kó da omi gbígbóná sí i, ó di ọṣẹ ìfọbọ́. Búrẹ́dì tó gbẹ, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù. Ó ń mirí bí ọmọ iléèwé.

Bí mo ṣe fẹ́ jáde, ó ní, "Jọ̀ọ́, má sọ fún Màmá. Mo ti sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ náà ló kógbá sílé."

Ó purọ́ fún ìyá tó bí i náà! Mo ní, "Mi ò ní sọ. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

Àbámẹ́ta, 28

Ó da omi egungun nù. Omi tí mo fi odindi ọjọ́ kan sè, tó yẹ kó gbé wa dé Ọjọ́rú! Ó ní òun rò pé omi àwo ni. Ó wá fi omi lásán se ìrẹsì, ó jókòó ti rédíò, ó jẹ́ kó jóná mọ́ ìdí ìkòkò.

Mo pariwo títí ohùn mi fi lọ. Kékeré ń sunkún. Lọ́yà ṣe bí ẹni tó wà nílé ẹjọ́, ó ní, "Olúwa mi, oníbàárà mi ò mọ̀ọ́mọ̀." Lọ́jọ́ míì ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Èmi fúnra mi ni mo họ ìkòkò náà. Mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Keje

Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé mo ti di òṣìkà. Ẹni tó ń gbé lókè wa rí Bàbá Lọ́yà tó ń sá aṣọ, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rí òkú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá pè mí lórí fóònù.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé o ti sọ ọmọ mi di ọmọ ọ̀dọ̀."

Mo wo ọmọ wọn. Ó ń gé kárọ́ọ̀tì. Ó ti gbọ́ ohùn wọn, ó gbójú sókè, ó ń fi ojú bẹ̀ mí.

"Ṣé torí pé ilé iṣẹ́ wọn kógbá wọlé? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá," mo ní.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kárọ́ọ̀tì náà, ó gé e nípọn jù.

Àbámẹ́ta, 5

Mo lọ bẹ Ìyàwó Ẹlẹ́rọ. Mo ti kó owó rẹ̀ dání. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ṣe àtúnṣe sí ohun tí mo máa sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣílẹ̀kùn, ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju, "Mo sọ̀rọ̀ sí ẹ bí ọ̀tá. Má bínú." Ó fà mí wọlé. Ó gba owó, kò ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ó ní kí n fi ọṣẹ méjì ránṣẹ́ padà, pé òun ti fi èyí tó pẹlẹbẹ fọ ìkòkò kí òun tó dá a padà lọ́jọ́sí, àwọn ìkòkò náà ń dán yanran.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn la wà nígbà tó ní, "Ṣé Bàbá Lọ́yà ò kúkú fẹ́ padà rárá ni? Ọ̀gá rán ọkọ mi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Kó ṣáà wá kí òun, ọ̀rọ̀ tán."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé.

"Wọ́n pè ẹ́ padà?"

Bàbá Lọ́yà ń fọ ìrẹsì. Kò yíjú. "Mi ò lè padà sábẹ́ ọkùnrin yẹn."

"Àwa ńkọ́? Abẹ́ ta la wà?"

"Ìyá Lọ́yà, ó pè mí ní òmùgọ̀..."

"Èmi náà ń pè ẹ́ bẹ́ẹ̀! Òmùgọ̀! Jù mí sílẹ̀ náà kó o jáde!"

Omi ìrẹsì ń ṣàn lọ, ó sáré fi abọ́ gbè é, kí wọ́n lè fi bomi rin òdòdó. Ó ti ń kọ́ ọ. Ìyẹn tún bí mi nínú.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ooru mú bíi pé kéèyàn bọ́ awọ ara sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń lọ aṣọ dà bí inú ààrò.

Mo ní láti kọ èyí, torí pé ìwé tèmi ni, kò sẹ́ni tó máa kà á: oúnjẹ rẹ̀ ti ń dára. Ó ń kó èèpo àlùbọ́sà àti orí kárọ́ọ̀tì jọ, ó ń fi wọ́n se omi ọbẹ̀. Ó gbé ajọ̀ lé ìkòkò ẹ̀wà lórí, èéfín ẹ̀wà ló fi se ànàmọ́, iná kan ṣoṣo. Èmi gan-an ò rò ó débẹ̀. Ó gé méjì nínú àwọn ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ sí àkísà ìnulẹ̀. Mo wò ó nígbà tó ń gé wọn.

Lánàá a jọ se ọṣẹ kejì. Mo wọn sódà, òun rò ó. Kò bọ́ sí apá òsì. Àwọn ọjọ́ tí mo wà níbi iṣẹ́, ó ti lọ wáṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta, wọ́n ní kò sí.

Ó ń retí kí n yìn ín. Mo lọ sùn.

Àbámẹ́ta, 12

Ó rí iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Owó rẹ̀ ò tó èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ọ̀dọ́mọdé ni ọ̀gá ibẹ̀, àfi kó máa pè é ní "sà". Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ó dáa."

Àìkú, 13

Ilé ìtura kan kó aṣọ ibùsùn wá fún wa, a fi Ọjọ́ Àìkú ṣiṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, nígbà tí Màmá dé. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n ń bọ̀. Wọ́n bá ọmọ wọn nídìí abọ́, ápúrọ́ọ̀nù lọ́rùn, ìfófòó ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́.

Wọn ò dáhùn nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò lójú àánú ni? Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí inú rẹ̀ ń bàjẹ́, ṣé ìdí ìkòkò ló yẹ kí ìyàwó rẹ̀ gbé e jókòó sí? Kí ló ṣe fún ẹ? Ìyà kí ni ò ń fi jẹ ẹ́?"

Mo dìde. Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi, gbogbo rẹ̀, àga, ẹyin, ibùdó ọkọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ti lanu. Nígbà náà ni omi ẹ̀rọ dá. Bàbá Lọ́yà ti pa á.

"Màmá," ó ní.

"Má gbèjà rẹ̀!"

"Màmá, iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ilé iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi í sílẹ̀ torí ìbínú. Mo purọ́ fún yín." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ápúrọ́ọ̀nù, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ náà sí. "Mo purọ́ fún òun náà. Oṣù méjì ni mo fi ń wọṣọ iṣẹ́ láràárọ̀ tí mò ń lọ jókòó kiri. Òun ló ń yọ oúnjẹ lẹ́nu ara rẹ̀ fún mi. Ó ń yọ ọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Ó mọ̀ látijọ́, kò tú mi fó lọ́dọ̀ yín. Òun kọ́ lẹ ó bá wí."

Lọ́yà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Màmá wo ọmọ wọn títí. Mo rò pé wọ́n máa gbá a létí, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé inú mi máa dùn. Wọn ò gbá a. Wọ́n gbé báàgì wọn sílẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi tó wú nínú bàtà.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní, "ṣé o ti jẹun?"

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ìbéèrè kékeré bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú láti rántí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, mi ò rántí ẹnì kankan.

"Rárá, Màmá. Mi ò tíì jẹun."

Wọ́n gba àwo tútù lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n bu ìrẹsì, wọ́n bu ọbẹ̀ lé e, wọ́n fa àga. "Jókòó."

Mo jókòó. Mo jẹun níwájú gbogbo wọn, wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Inú ṣì ń bí mi. Mo fi ìbínú náà jẹ ẹ́, ṣíbí lórí ṣíbí, omijé ń bọ́ sínú àwo, mi ò nù ún.

"Iyọ̀ ò tó," mo ní.

Bàbá Lọ́yà lọ gbé iyọ̀ wá.